Oògùn Ènìyàn Nínú Ikùn Ajá

Bí àgbà Yorùbá bá fẹ́ kọ́ ọmọ pé ìkà kò dára, òwe kan wà tí kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀: ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dùn tó. Òwe náà kò ṣe àlàyé gígùn lórí òfin tàbí lórí ẹ̀san. Ó kàn fi ara ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n ni. Ohun tí ó bá dun ènìyàn yóò dun ẹ̀dá mìíràn, ìbáà ṣe ọmọ ẹyẹ tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Àwọn Akan ilẹ̀ Gánà náà ní ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́, èyí tí wọ́n fi ń bu ẹnu àtẹ́ lu aláìláàánú: lójú irú ẹni bẹ́ẹ̀, bí nǹkan bá gún ẹnìkejì rẹ̀ lára, bí ìgbà tí ó gún igi ni. Kwasi Wiredu, ọmọ Gánà tí ó jẹ́ ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìmọ̀ ọgbọ́n orí títí ó fi di olóògbé ní ọdún 2022, mú irú èrò yìí wọ inú àlàyé rẹ̀ lórí ohun tí ìwà rere jẹ́: kí ènìyàn kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sí ipò ẹlòmíràn kí ó tó ṣe ohun tí yóò kan ẹni náà.

Kò sí ẹni tí yóò bá òwe yìí jiyàn. Síbẹ̀, ibì kan wà tí ojú rẹ̀ kò ti ríran tó, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ajá kan ti ń kú lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ràn wọn. Òwe náà mọ bí a ṣe ń dá ọwọ́ ìkà dúró, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń tọ́ ọwọ́ àánú sọ́nà. Ẹni tí ó mú oògùn ara ríro tirẹ̀ tí ó fi fún ajá rẹ̀ ti ṣe ohun tí òwe náà wí. Ó ti kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀, ara rẹ̀ sì sọ fún un pé ó dára.

Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò Nima ní ìlú Accra yóò mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ìdílé oníṣòwò màlúù ni a fi ń ròyìn ìtẹ̀dó Nima ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, láti ìgbà náà ni ó sì ti di ilé fún Hausa, Fúlàní, Dagomba, Kotokoli àti Yorùbá. Accra New Town tí ó múlé gbè é, Lagos Town ni wọ́n ń pè é nígbà kan. Àṣẹ tí ìjọba Busia pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 lé ọ̀pọ̀ Yorùbá kúrò ní Gánà, ṣùgbọ́n èdè náà kò tán nínú àwọn agbo ilé ibẹ̀. Ilé fara ti ilé, yàrá kún, àgbàlá kan ṣoṣo ni gbogbo ayálégbé jọ ń lò. Bí ajá bá wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ni olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ni ó ń ṣọ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó sì ń ju ìyókù túwó sí i. Nítorí náà, bí ọ̀kadà bá gbá a ní òpópónà, tàbí tí ọjọ́ ogbó bá dé sí oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, gbogbo ojú ni ó ń rí i.

Kí á sọ pé alárù ni olówó ajá náà, ẹni tí ń fi orí àti èjìká jẹun ní ọjà. Ara ríro kì í ṣe àlejò sí i. Ó mọ ohun tí òun ń lò lálẹ́ kí òun tó sùn: ibuprofen tàbí diclofenac, tí ó rà ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn tàbí lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Nígbà tí ó rí ajá náà tí ó dùbúlẹ̀, tí ó ń lá orúnkún rẹ̀, ó tẹ hóró kan mọ́ inú òkèlè, ó sì jù ú sí i. Ní ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ajá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Ó tún fún un. Ní ọjọ́ kẹta, ajá kọ oúnjẹ. Olówó rẹ̀ rò pé ìrora náà ló padà dé, ó fi méjì kún un. Ní ọjọ́ kẹrin, ajá ń bì, ìgbẹ́ rẹ̀ sì dúdú bí ọ̀dà. Ẹ̀jẹ̀ ni dúdú náà. Ikùn àti ìfun ni ó ti ń ṣàn wá, kí ó tó jáde ni ó ti yí àwọ̀ padà. Èyí kì í ṣe ìtàn ẹnì kan pàtó. Bí ó ṣe sábà máa ń rí nìyẹn, ní Nima tàbí ní Ìbàdàn tàbí ní London.

Kí ló dé tí ohun tí ó tu ènìyàn lára fi ń dá ọgbẹ́ sí ajá nínú? Ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí John Vane bá a dé ní London ní ọdún 1971, iṣẹ́ tí òun àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel lé lórí ní ọdún 1982. Ó rí i pé aspirin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dí ara lọ́wọ́ láti ṣe àwọn èròjà kan tí à ń pè ní prostaglandin. Prostaglandin wà lára ohun tí ń mú ojú ọgbẹ́ wú, tí ń mú un gbóná, tí ó sì ń mú un ro. Nítorí náà, bí wọn kò bá jẹ́ kí ó pọ̀, ara yóò tuni. Ṣùgbọ́n prostaglandin yìí kan náà ló ń dáàbò bo awọ inú ikùn kí oje kíkan tí ó wà níbẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Òun náà ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa dé kíndìnrín dáadáa nígbà tí omi bá dín kù lára. Oògùn náà kò mọ orúnkún yàtọ̀ sí ikùn. Ẹni tí ó bá ti lo diclofenac láìjẹun rí mọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìdí sì nìyẹn tí àwọn olóògùn fi máa ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn jẹun kí ó tó lò ó.

Ní ti ajá, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá ìbílẹ̀ tí ó tóbi níwọ̀nba lè wọn kílò 15. Hóró ibuprofen kan tí ó jẹ́ mílígíráàmù 400 yóò fún un ní nǹkan bí mílígíráàmù 27 fún kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ hóró kan náà kò tó 7 fún kílò kan lára ẹni tí ó wọn kílò 60. Láti nǹkan bí 25 ni ikùn ajá ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì hàn. Bí ó bá kọjá 175, kíndìnrín ti wọ inú ewu. Bí ó bá kọjá 400, gìrì lè mú ajá náà, ó sì lè dákú lọ. Ẹnìkan lè wá sọ pé bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni, kí a ṣáà bu hóró náà kéré, gẹ́gẹ́ bí a ti ń bù ú fún ọmọdé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọ́n ti fún àwọn ajá ní mílígíráàmù 8 péré fún kílò kan lójúmọ́ fún oṣù kan, ọgbẹ́ sì yọ nínú ikùn wọn, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n yẹn kò jìnnà sí èyí tí àgbàlagbà ènìyàn ń lò lẹ́ẹ̀kan. Ara ajá kì í ṣe ara ènìyàn tí ó kéré. Ọ̀nà tí ó ń gbà yanjú oògùn yàtọ̀. Naproxen ni àpẹẹrẹ tí ó hàn jù: nínú ara ènìyàn, ìdajì rẹ̀ yóò ti kúrò láàárín wákàtí 12 sí 17, ṣùgbọ́n nínú ara ajá ó lè gba wákàtí 74. Ẹ̀dọ̀ ajá a máa da oògùn náà pọ̀ mọ́ òróòro sínú ìfun, ìfun a sì tún fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀, bí àlejò tí wọ́n lé jáde ní ojúde tí ó tún gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Hóró tòní yóò bá ti àná nílé, ti ọ̀la yóò sì bá méjèèjì.

Ohun tí òwe ọmọ ẹyẹ fi ara ènìyàn wọ̀n ni ìrora, ìrora sì jẹ́ ohun tí ènìyàn àti ajá jọ ní. Jeremy Bentham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní ọdún 1789 pé ohun tí ó yẹ kí a bi ara wa nípa ẹranko ni bóyá ó lè jìyà, kì í ṣe bóyá ó lè ronú tàbí kí ó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè rere ni, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹranko lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìkà. Ṣùgbọ́n mímọ̀ pé ajá ń jìyà kò tí ì sọ ohun tí yóò wò ó sàn.

Àwọn àáfà Nima ní ìtàn kan tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Ó wà nínú hádíìsì tí Bukhari kó jọ. Òùngbẹ gbẹ ọkùnrin kan lójú ọ̀nà, ó rí kànga, ó sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó mu omi. Bí ó ti jáde, ó rí ajá kan tí ó yọ ahọ́n síta, tí ń jẹ erùpẹ̀ tútù nítorí òùngbẹ. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ohun tí ó ṣe òun lẹ́ẹ̀kan náà ló ń ṣe ajá yìí. Ó padà sínú kànga, ó bu omi sínú bàtà rẹ̀, ó sì fún ajá náà mu, Ọlọ́run sì dárí jì í nítorí èyí. Nígbà tí wọ́n bá ń sọ ìtàn náà, àánú ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkùnrin náà gbà mọ ohun tí ajá ń fẹ́ yẹ fún àkíyèsí: òùngbẹ tirẹ̀ ni ó fi mọ̀ ọ́n. Kò ṣì í mọ̀, nítorí omi kan náà ni ó ń pa òùngbẹ ènìyàn àti ti ajá. Ká ní ẹsẹ̀ ló ń dun ajá náà, tí oògùn ẹsẹ̀ sì wà ní àpò ọkùnrin náà, àánú kan náà ìbá ti pa á.

(Àwọn kan nínú ilé lè ní kí ló kan Mùsùlùmí kan ajá, nígbà tí ó jẹ́ ẹlẹ́gbin. Nínú ẹ̀kọ́ òfin Imam Malik, èyí tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, ajá alààyè kì í ṣe ẹlẹ́gbin. Ìjọsìn ni wọ́n ka fífọ abọ́ tí ajá lá nígbà méje sí. Àwọn onímọ̀ òfin mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tí ó ní kí a fi ìyà jẹ ẹ́.)

Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ nínú àgbàlá kan ní Nima ti ṣẹlẹ̀ sí odidi àwọn orílẹ̀-èdè rí, nípasẹ̀ oògùn kan náà. Ní Íńdíà, Pàkísítánì àti Nepal, láti àwọn ọdún 1990, igún bẹ̀rẹ̀ sí í kú tó bẹ́ẹ̀ tí oríṣi kan tí ó pọ̀ lọ súà tẹ́lẹ̀ fi pàdánù ju 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín nǹkan bí ọdún 15. Ní ọdún 2004, Lindsay Oaks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣe ìwádìí ní Pàkísítánì, fi hàn pé diclofenac ni ó fà á. Àwọn àgbẹ̀ ń fi gún màlúù tí ara ń ro lábẹ́rẹ́. Bí màlúù bá kú, igún á jẹ òkú rẹ̀, kíndìnrín igún á sì bàjẹ́ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìjọba orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbẹ́sẹ̀ lé diclofenac tí wọ́n ń ṣe fún ẹran ní ọdún 2006, ṣùgbọ́n àwọn kan ń ra ìgò ńlá tí wọ́n ṣe fún ènìyàn láti fi tọ́jú màlúù, títí tí ìjọba Íńdíà fi pàṣẹ ní ọdún 2015 pé ìgò abẹ́rẹ́ ti ènìyàn kò gbọdọ̀ ju mílílítà 3 lọ. Bí igún sì ti dín kù, ajá ìgboro tí ń jẹ òkú ẹran pọ̀ sí i, ewu àrùn dìgbòlugi sì bá a rìn. Yorùbá ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé igún ṣoore, igún pá lórí. Kò sí ìkà kankan nínú ìtàn yìí. Àgbẹ̀ dán oògùn náà wò lára ara rẹ̀, ó dára. Ó dán an wò lára màlúù, ó tún dára. Igún tí ẹnikẹ́ni kò rò mọ́ ọn ni ó jìyà rẹ̀.

Ṣé olówó ajá náà wá jẹ̀bi? Ìdáhùn méjì ló rọrùn láti sọ, kò sì sí èyí tí ó tó. Àkọ́kọ́ ni pé Ọlọ́run mọ ọkàn, ẹni tí ó bá sì ní ohun rere lọ́kàn kò jẹ̀bi. Èkejì ni pé àìmọ̀kan kì í ṣe àwáwí. Ohun tí àwọn méjèèjì gbàgbé ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, kò sí ibi tí ọkùnrin náà ìbá ti mọ̀. Ìwé tí ó wà nínú páálí oògùn ń sọ̀rọ̀ nípa àgbàlagbà àti ọmọdé, ti aláboyún àti ti ẹni tí ó ní ọgbẹ́ inú. Kò dárúkọ ajá. Àwọn ará ilé tí ó ń wò ó kò mọ̀ jù ú lọ. Bí ajá bá kú lórí hóró ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ṣòro láti dá a lẹ́bi ohunkóhun ju pé kò béèrè. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, ajá ti sọ̀rọ̀. Ajá tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀, oúnjẹ tí ó kọ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ohun tí olówó rẹ̀ kò mọ̀ ti di ohun tí kò wò. Ó ní ẹ̀rí méjì níwájú: ara tirẹ̀ tí ó ní oògùn náà dára, àti ara ajá tí ó ní kò dára. Ara tirẹ̀ ni ó gbàgbọ́, ó sì fi hóró kún hóró. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ni í mú èkúté ilé pe ológbò níjà, ṣùgbọ́n èkúté tí ó ti rí èékánná tí kò sì sá, orúkọ mìíràn ni ó yẹ kí a pe tirẹ̀.

Ìfẹ́ ló sì fa àṣìṣe náà, èyí ni ó mú kí ó ṣòro láti tún ṣe. Olówó ajá tí kò bìkítà kì í ná hóró oògùn sórí ajá. Ẹni tí ó fẹ́ràn ajá rẹ̀ dé ibi tí ó ti ń rí i bí ọmọ ni ó máa ń bu oògùn fún un bí ẹni ń bù ú fún ọmọ. Ó ti bu ọlá fún ajá náà ní ọ̀nà kan, ó sì ti gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn: kò jẹ́ kí ó jẹ́ ajá. Àwọn ọdẹ àtijọ́ kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn ajá wọn, wọ́n fún un ní orúkọ tí ń pa òwe fún aládùúgbò, wọ́n sì ń fi ajá bọ Ògún láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó ti wù kí a rí ìyẹn sí lónìí, ajá ni ajá lójú wọn.

Nígbà tí ibi bá ti ṣẹlẹ̀ tán, ẹrù tuntun ni ó já lé olówó ajá lórí, òun sì ni ó wúwo jù nínú gbogbo rẹ̀: kí ó sọ òtítọ́. Ìtìjú a máa mú kí ènìyàn gbé ajá dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹran kí ó sì sọ pé ó jẹ nǹkan ní gọ́tà ni. Dókítà tí ó gbọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé májèlé eku ni tàbí àrùn parvo, nítorí àwọn náà ń mú ajá bì, wọ́n sì lè mú un ṣu ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé ó lè rí orúnkún tí ó wú, kí ó gún ajá náà ní abẹ́rẹ́ meloxicam tàbí dexamethasone sórí èyí tí ó wà nílẹ̀. Oògùn ara wíwú méjì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ara kan náà, dexamethasone tí ó bá sì bá ọ̀kan nínú wọn pàdé a máa sọ ọgbẹ́ ikùn di ihò. Irọ́ kékeré tí ènìyàn pa láti fi bo ojú ara rẹ̀ lè ṣe ohun tí hóró àkọ́kọ́ kò ṣe. Orúkọ oògùn, iye hóró, ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, àkókò tí a fún un kẹ́yìn: nǹkan mẹ́rin yìí wúlò ju omijé lọ. Dókítà náà ní ojúṣe tirẹ̀. Bí ó bá bú olówó ajá ní gbangba, gbogbo ẹni tí ó jókòó tí ó ń dúró de àyè ti kọ́ bí a ṣe ń parọ́.

Ìtọ́jú fúnra rẹ̀ kò ní awo nínú. Bí kò bá tí ì ju nǹkan bí wákàtí méjì lọ tí ara ajá ṣì le, dókítà lè fún un ní oògùn tí yóò mú un bì. Lẹ́yìn náà, èédú tí wọ́n ṣe fún ìwòsàn ni yóò máa fa oògùn náà mọ́ra nínú ìfun, wọ́n sì lè fún un ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí pé oògùn náà ń lọ ó ń bọ̀ láti inú òróòro. Wọn yóò fa omi sí i lára, nígbà mìíràn fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí kíndìnrín má baà gbẹ. Wọn yóò fún un ní omeprazole àti sucralfate fún ikùn, àti misoprostol nígbà mìíràn. Misoprostol jẹ́ irú prostaglandin kan tí wọ́n ṣe ní ilé-iṣẹ́: ohun tí hóró àkọ́kọ́ mú kúrò ni wọ́n ń dá padà. (Aláboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.) Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo orúkọ wọ̀nyí yóò rí i pé orí pẹpẹ olóògùn ènìyàn náà ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Meloxicam pàápàá, ènìyàn ń lò ó, dókítà ẹran sì ń fún ajá, ṣùgbọ́n ajá tí ó wọn kílò 15 kò nílò ju nǹkan bíi mílígíráàmù kan ààbọ̀ lọ lójúmọ́, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún hóró tí ó kéré jù tí ènìyàn ń lò. Nítorí náà, kì í ṣe pé oògùn kan jẹ́ ti ènìyàn tí òmíràn sì jẹ́ ti ajá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ẹnìkan ti wo ara ajá kí ó tó wọn èyí. Epo pupa tí wọ́n máa ń sáré rọ sí i lẹ́nu, omi iyọ̀, omi ọṣẹ, kò sí ẹni tí ó wo ara ajá kí ó tó dá wọn sílẹ̀. Epo lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, iyọ̀ sì lè jẹ́ májèlé fúnra rẹ̀.

Owó ni ọ̀rọ̀ tí ó kù, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Accra ní àwọn dókítà ẹran, Yunifásítì Gánà ní Legon sì ní ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ wọn, ṣùgbọ́n omi ọjọ́ mẹ́ta lára ajá kò sí lábẹ́ ètò adójútòfò ìlera tí Gánà fi òfin gbé kalẹ̀ ní ọdún 2003. Ọ̀pọ̀ àgbà Nima ṣì rántí àkókò tí ó ṣáájú rẹ̀, nígbà tí aláìsàn ní láti sanwó kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Lójú ẹni tí ó gbé irú ayé bẹ́ẹ̀ kọjá, kí ènìyàn máa náwó sórí ajá lè dà bí àfojúdi. Ó yẹ kí a gba àròyé náà yẹ̀ wò. Alárù kò jẹ ajá ní owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ní kí ó tà á kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ ajá yìí ju ohun tí ó jẹ ajá ìgboro lọ, nítorí ọwọ́ tirẹ̀ ni ó fi gbé májèlé náà fún un. Kò tọ́ kí ó wọ́ ọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kí ó máa kú lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí owó ìtọ́jú kò bá sí, owó abẹ́rẹ́ kan tí dókítà yóò fi jẹ́ kí ó sùn láìjí lè má jìnnà sí ohun tí agbo ilé kan lè dá jọ, gbogbo ilé ni ajá náà sì ń ṣọ́. Dókítà náà sì ní láti sọ ọ́ ní kedere pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ ẹran rẹ̀, kí wọ́n má sì jù ú síbi tí igún tàbí ajá mìíràn yóò ti rí i.

Ọ̀rọ̀ náà lè dúró kí ó tó dé ibẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Àwọn tí Òfin 857 ti ọdún 2013 fún láàyè láti ta oògùn tí kò gba ìwé dókítà wà káàkiri Nima, ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń kọ́ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa oògùn. Olóògùn tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń béèrè bóyá àgbàlagbà ni yóò lò ó tàbí ọmọdé, bóyá ẹni náà lóyún, bóyá ó ní ọgbẹ́ inú. Kì í béèrè bóyá ènìyàn ni. Bí oníbàárà kan bá sì sọ fúnra rẹ̀ pé ajá òun ni, àfàìmọ̀ kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù má rẹ́rìn-ín. Nígbà mìíràn tí ó bá tún wá, yóò sọ pé orúnkún òun ló ń dun òun.